Ta Ló Da Omi Síwájú ní Tema?

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò tíì fi òwe yìí gbà níyànjú rí. Ìyá a máa pa á fún ọmọ tí kò fẹ́ kàwé. Alága a máa fi ṣí àpérò. Òṣèlú tó fẹ́ fi ìpìlẹ̀ ọ̀nà lélẹ̀ kò ní ṣàì dá a lé ẹnu kí ó tó gbé ṣọ́bìrì. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fi í sọ, pé ìmúrasílẹ̀ dára, n kò sì bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú òwe náà tí a máa ń sáré kọjá: ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ẹni tó gbé igbá omi lọ́wọ́ náà ló ni ẹsẹ̀ tí yóò tẹ ilẹ̀. Ó mọ ibi tí òun ń lọ, ó mọ bí ẹsẹ̀ òun ṣe gùn tó, ibẹ̀ ló sì da omi sí. Òwe náà kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí adami bá jẹ́ ẹnì kan tí ẹlẹ́sẹ̀ sì jẹ́ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ètò ìlú ni àlàfo yìí ti máa ń hàn jù. Ìlú kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní 1960, nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gbé ní orílẹ̀-èdè Gánà, nǹkan bí 23 péré ló ń gbé ìlú ńlá. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2021, wọ́n ti lé ní 56. Ìjọba tó bá ní òun á dúró kí èrò dé kí òun tó ronú ibi tí ọ̀nà àti gọ́tà máa gbà, ọwọ́ rẹ̀ kò ní bá a mọ́. Nítorí náà, omi gbọ́dọ̀ ṣáájú ẹsẹ̀. Tema, ìlú èbúté tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 25 sí ìlà-oòrùn Accra, ni ibi tí àwọn aṣáájú Gánà ti fi gbogbo agbára da omi yẹn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ká fi òwe náà wọn ìlú náà wò.

Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ ní tòótọ́. Òjò tí ń rọ̀ sí etíkun Accra lọ́dún kéré púpọ̀ sí ti Èkó. Koríko àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló pọ̀ níbẹ̀ ju igbó lọ. Létí òkun, àwọn apẹja Gã ní ìletò kan tí wọ́n ń pè ní Torman, orúkọ tí ahọ́n àwọn àlejò sọ di Tema. Bí ìletò náà ṣe wà nìyẹn títí tí ìjọba Gold Coast, orúkọ àtijọ́ Gánà, fi nílò èbúté tuntun. Nígbà náà, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè sún mọ́ etí ilẹ̀ ní Accra. Ojú agbami ló ń dúró sí, tí àwọn awakọ̀ á máa fi ọkọ̀ kékeré la ìgbì kọjá, wọ́n á ru kòkó lọ, wọ́n á ru aṣọ àti sìmẹ́ǹtì bọ̀. Èbúté Takoradi tí wọ́n ṣí ní 1928 jìnnà sí wọn. Ọ̀rọ̀ odò Volta sì tún dé: wọ́n fẹ́ dí odò náà ní Akosombo, kí wọ́n fi iná rẹ̀ yọ́ alumíníọ̀mù. Iná ń wá ilé iṣẹ́, ilé iṣẹ́ ń wá èbúté, èbúté ń wá òṣìṣẹ́, òṣìṣẹ́ ń wá ilé. Bí èrò náà ṣe so kọ́ra nìyẹn, kò sì sí àléébù nínú rẹ̀ lórí ìwé.

Ní 1952 ni ìjọba ṣòfin, wọ́n sì fi gba máìlì onígun mẹ́rin 63, tó jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà onígun mẹ́rin 163. Àjọ tuntun kan, Tema Development Corporation, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní TDC, ni wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé lọ́wọ́. Ẹ wo bí omi yẹn ṣe pọ̀ tó: èbúté kò tíì sí, ilé iṣẹ́ kan kò tíì sí, wọ́n ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlú tí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí máa gbé. Wọ́n ṣí èbúté náà ní 1962. Ìdídò Akosombo àti ọ̀nà márosẹ̀ oníkọnkéré tó gùn tó kìlómítà 19 láti Accra sí Tema parí ní 1965. Ilé iṣẹ́ alumíníọ̀mù, VALCO, tí ilé iṣẹ́ Kaiser ti Amẹ́ríkà ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1967. Kwame Nkrumah tó fẹ́ràn Tema bí ojú ti ń fẹ́ oorun kò sí lórí oyè mọ́ nígbà yẹn. Àwọn sójà ti gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kejì 1966. Aláwàdà ni ìtàn nígbà mìíràn: Gánà ní ilẹ̀ tí wọ́n ti lè wa bọ́síìtì, ṣùgbọ́n láti òkè òkun ni wọ́n ti ń kó èròjà wá fún VALCO láti yọ́.

Torman wà gan-an níbi tí èbúté máa wà. Èyí ni ibi àkọ́kọ́ tí adami àti ẹlẹ́sẹ̀ ti pínyà. Wọ́n sọ fún àwọn apẹja pé wọn yóò kó lọ sí ìlú tuntun kan ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí ìlà-oòrùn, tí wọ́n wá ń pè ní Tema Manhean. Àwọn tó ya Manhean sórí ìwé kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ: Maxwell Fry àti ìyàwó rẹ̀, Jane Drew, ni, tọkọtaya ará Bírítéènì tí wọ́n ya àwòrán Yunifásítì Ìbàdàn náà. Ẹni tó bá ti rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn gbọ̀ngàn àgbà ní Ìbàdàn, tó ti rí bí atẹ́gùn ṣe ń gba ihò ara ògiri wọlé, yóò gbà pé wọ́n ní ojú inú. Ní Manhean pẹ̀lú, wọn kò kọ́ ilé bí ẹni ń kọ́ ọ sí London. Agboolé ni wọ́n kọ́, yàrá yí àgbàlá ká, ògiri sì yí gbogbo rẹ̀ ká, nítorí wọ́n ti wo bí àwọn Gã ṣe ń gbé. Ìlànà tí ìjọba sì fi pín ilé jọ òdodo: yàrá kan fún yàrá kan. Ẹni tó ní yàrá mẹ́ta ní Torman gba mẹ́ta ní Manhean, láìsan owó ilé.

Síbẹ̀ àwọn ará Torman kọ̀, wọn kò kó. Ọ̀rọ̀ náà sì lọ bẹ́ẹ̀ títí ọdún fi ń gun orí ọdún. Wọ́n ní òrìṣà tí kò ṣeé gbé sínú ọkọ̀ ẹrù. Wọ́n ní ọ̀sà mímọ́. Àwọn àwòrò ló mọ ìgbà tí èèyàn lè pẹja àti ìgbà tí kò gbọdọ̀ pa á. Ètò ìjọba kò sì ní àlàfo tí wọ́n lè kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Ní 1959 ni wọ́n wá fi katakata wó ilé tó kù. Èèyàn bí ẹgbẹ̀rún méjìlá ni ìṣíkúrò náà kàn. Ìwádìí tí Amarteifio, Butcher àti Whitham tẹ̀ jáde ní 1966 lórí bí àwọn èèyàn náà ṣe ń gbé ní Manhean ṣì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó èèyàn kúrò níbì kan lónìí.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí yàrá kan fún yàrá kan yìí, nítorí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe inú rẹ̀ kò fi tètè hàn. Nínú àwọn ìlú Gã àtijọ́, ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ kì í sábà gbé agboolé kan náà. Ọkùnrin ń gbé pẹ̀lú àwọn baba àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, àwọn àǹtí rẹ̀ àti àwọn ọmọbìnrin. Ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ á ti agboolé obìnrin lọ sí ti ọkùnrin. Yàrá nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe iye kan tó dúró gbọn-in. Ọmọbìnrin bímọ, wọ́n mọ yàrá kan mọ́ ọn; àbúrò ti oko dé, wọ́n mọ òmíràn. Ẹni tó wá ka yàrá ní ọjọ́ kan pàtó, tó sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, ó ka ilé ní tòótọ́, kò ka ìdílé. Ó fún wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n ní lánàá, kò sì fi àyè tí wọ́n máa fi dàgbà sílẹ̀.

Ẹni tó bá wọ Manhean lónìí yóò rí i bí wọ́n ṣe fúnra wọn wá àyè náà. Àgbàlá tí Fry àti Drew fi sílẹ̀ fún atẹ́gùn ti di yàrá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá ni ìsọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ ni ààrò ẹja. Irú ààrò tí wọ́n ń pè ní Chorkor ni: amọ̀ tàbí bíríkì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀, ojú iná méjì níwájú, lókè ni wọ́n to àtẹ onígi tí wọ́n na àwọ̀n wáyà sí lábẹ́ léra wọn. Obìnrin tó ń yan ẹja kò ní jókòó tẹtẹrẹ. Tí ẹja ìsàlẹ̀ bá ti ń yí àwọ̀, á fi aṣọ dì í lọ́wọ́, á gbé àtẹ ìsàlẹ̀ bọ́ sókè, á sì sọ ti òkè di ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni á máa ṣe títí gbogbo rẹ̀ yóò fi gbẹ dọ́gba. Èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ń bọ́ ilé nìyẹn, ẹgbẹ́ ilé ló sì yẹ kí ó wà.

Àwa náà kò ṣàì rí irú rẹ̀ nílé. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku tó jà ní Èkó ní 1924, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1928, Lagos Executive Development Board. Ní 1955, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń kó àwọn onílé lọ sí Sùúrùlérè. Nígbà tí Peter Marris ṣe ìwádìí rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1961, ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe pé ilé tuntun kò dára. Àwọn tó ń tajà lójú ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti pàdánù oníbàárà. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè. Ìyá àgbà tí gbogbo ẹbí ń bẹ̀ wò ti di ẹni tí wọ́n ń rí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé ti dára sí i, ayé ti gbówó lórí sí i.

Padà sí Tema. Kò ní tọ́ kí n jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló da omi níbẹ̀. Theodore Shealtiel Clerk, ọmọ Gánà àkọ́kọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí ayàwòrán-ilé, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Edinburgh, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ Tema lélẹ̀, ó sì di ọ̀gá TDC. Lẹ́yìn náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1960 sí òkè, wọ́n gbé àwòrán ìlú náà fún Constantinos Doxiadis, ará Gíríìkì tó ń ya Islamabad fún ìjọba Pakistan ní àkókò kan náà. Òun ló sọ Tema di ìlú tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pe àdúgbò rẹ̀: Community 1, Community 2, títí lọ. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwé, ọjà àti ilé ìwòsàn tirẹ̀, ọmọdé kò sì ní láti la ọ̀nà ọkọ̀ ńlá kọjá kí ó tó dé ilé ìwé. Wọ́n fẹ́ kí olówó gọbọi àti olówó kékeré jọ máa gbé nítòsí ara wọn.

Ẹ má sì jẹ́ ká fi ojú kéré wo iṣẹ́ náà. Ìlú tó ní páìpù ẹ̀gbin lábẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n kọ́, ní ìgbà tí agbépòó ṣì ń rìn lóru ní Èkó. Ọ̀nà inú Community 1 ṣì gba ọkọ̀ méjì, omi òjò ṣì ń rí gọ́tà wọ̀. Bí a bá ní ká fi Tema wé ọ̀pọ̀ àdúgbò tó hù lẹ́yìn rẹ̀ ní àyíká Accra, adami Tema gbọ́n, ó sì ṣiṣẹ́.

Ohun tó gbàgbé ni ẹni tí ń pò kọnkéré.

Láti kọ́ ìlú, o nílò ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí yóò gbẹ́ ilẹ̀, tí yóò ru òkúta, tí yóò di irin. O nílò obìnrin tí yóò se kẹ́ńkẹ́ fún wọn ní ìdájí, ẹni tí yóò tún táyà ṣe, ẹni tí yóò gé irun. TDC ń fi ilé fún òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n, tó ń gba owó oṣù. Alágbàṣe tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́ kò ní ìwé tí yóò fi hàn; oníkẹ́ńkẹ́ kò tilẹ̀ ní ọ̀gá tí yóò kọ ìwé fún un. Bí wọ́n bá sì rí ilé gbà, owó rẹ̀ ju agbára wọn lọ. Wọ́n wo àríwá, ní nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún sí èbúté, níbi tí abúlé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Ashaiman, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi pákó àti páànù kọ́lé síbẹ̀. Ní 1960, àwọn tó wà ní Ashaiman kò tó 3,000. Ní 1970, wọ́n ti lé ní 20,000. Ní 2010, wọ́n ka 190,972. Ní 2021, wọ́n lé ní 208,000.

Ọ̀pọ̀ ìwé tí mo ti kà lórí Ashaiman ń pè é ní ìlú tí kò ní ètò. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ìdajì kejì ètò Tema ni Ashaiman, ìdajì tí àwọn tó ya ìwé kò yà. Láìsí i, Community 1 kò ní rí ẹni kọ́ ọ. Ẹni tó bá dúró ní ìdíkọ̀ Ashaiman ní agogo márùn-ún àárọ̀ yóò rí ìlú tó ń ṣàn wọ inú ìlú mìíràn: àwọn ọmọ ọkọ̀ tíróótíróó ń pariwo orúkọ ibi tí wọ́n ń lọ, àwọn tí ń lọ síṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Tema wọ bàtà onírin, àwọn obìnrin gbé agbọ̀n tòmátò lé orí. Orúkọ àwọn àdúgbò ibẹ̀ fúnra wọn ń sọ̀rọ̀. Kò sí nọ́ńbà níbẹ̀. Lebanon wà, Tulaku wà, Night Market wà, Zongo Laka sì wà.

Zongo yẹn, ìyẹn àdúgbò àlejò, kàn wá. Ìlú ilẹ̀ Yorùbá mọ àlejò í gbà: Sábó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ṣágámù, ó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ètò Tema fi ipò àti owó oṣù pín èèyàn. Kò ní ibi tí àlejò lè dé sí kí ó tó rí ẹsẹ̀ walẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹjigbó, Ìníṣà, Ọ̀fà àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló mọ ohun tí ó jẹ́ láti jẹ́ àlejò ní Gánà, ọ̀pọ̀ bàbá ló sì padà wálé ní ìparí 1969 pẹ̀lú àpò kan ṣoṣo lẹ́yìn tí ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, fún àwọn tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ ètò ìlú, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí i: ẹni tí a kò kọ sórí àwòrán ni ó rọrùn jù láti ní kó máa lọ.

Ó wá ku ìbéèrè tí ẹni tó bá ń gbèjà Doxiadis yóò bi mí: kí ni wọn ì bá ṣe? Ṣé kí ìjọba kọ́lé fún gbogbo alágbàṣe ni? Rárá. Ìdáhùn náà wà ní Gold Coast fúnra rẹ̀, ó sì wà níwájú ojú wọn. Ní 1954 sí 1955, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn mẹ́ta wá wo ọ̀rọ̀ ilé níbẹ̀: Charles Abrams, Vladimir Bodiansky àti Otto Koenigsberger. Nígbà tí wọ́n yẹ ilé àwọn ará abúlé wò, wọ́n rí i pé ògiri kì í ṣe ìṣòro wọn. Amọ̀ wà, ọwọ́ wà, ìmọ̀ wà. Òrùlé ló ń gba owó lọ́wọ́ wọn, òun àti ilẹ̀kùn pẹ̀lú fèrèsé. Wọ́n ní kí ìjọba máa yá àwọn èèyàn ní owó òrùlé, kí wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láàárín ara wọn tí yóò máa gba owó náà padà, kí oníkálukú sì mọ ògiri tirẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 1956, ìjọba sì lò ó ní àwọn abúlé.

Nínú ẹ̀yáwó òrùlé yẹn, ẹni tó mọ ògiri ló mọ iye yàrá tí òun nílò, ó mọ ibi tí ìyá òun máa sùn, ó mọ ibi tí ààrò máa wà. Iṣẹ́ ìjọba ni láti fún un ní ohun tí kò lè dá ṣe. Ìjọba kan náà, ní ọdún kan náà, ní ìlànà méjì: ní abúlé, ẹlẹ́sẹ̀ ló ń darí igbá, ní Tema, wọ́n gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti la ọ̀nà sí Ashaiman ní 1962, kí wọ́n fa omi ẹ̀rọ dé ibẹ̀, kí wọ́n wọn ilẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì kéékèèké, kí wọ́n yá èèyàn ní owó páànù, kì bá ti náwó tó ilé ìlú kan tí wọ́n kọ́ parí. Lẹ́yìn tí èèyàn bá ti kún inú rẹ̀ tán, láti la ọ̀nà àárín páànù di ọ̀rọ̀ wíwó ilé onílé.

Ní ọdún 2008 ni Ashaiman tó ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, abẹ́ Tema ló wà.

Ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Tema, ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn yọ. Ọ̀sà Sakumo àti àbàtà rẹ̀ wà láàárín Tema àti Nungua. Ibẹ̀ ni omi òjò àwọn òkè àríwá ń sàn sí kí ó tó wọ òkun. Ní 1992, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àdéhùn Ramsar pé ibi tí a gbọ́dọ̀ dá sí ni. Ìwé náà wà, àmì wà, ṣùgbọ́n àbàtà náà sún mọ́ ìlú, ilẹ̀ sì ti wọ́n. Àwọn tó wá kọ́lé síbẹ̀ kì í ṣe alágbàṣe onípáànù. Ilé alájà ni, tó ní ògiri gíga àti géètì irin. Àwọn tí àwa ní Èkó ń pè ní ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń pè ní land guard níbẹ̀, wọ́n sì burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gánà fi ṣe òfin kan ní 2019, Act 999, tó kó àwọn àti àwọn jàǹdùkú òṣèlú pọ̀ sábẹ́ ìjìyà. Ní 2022, ìjọba gbé katakata wọ àbàtà Sakumo, ó sì wó ilé. Bí òjò ńlá bá rọ̀, omi ṣì ń padà wá ibùsùn rẹ̀. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ ilẹ̀ tútù ju bí òwe ṣe fẹ́ lọ. (Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fi ọ̀rọ̀ àgbàrá ṣẹ̀fẹ̀, àwọn tó ní ilé ní Lẹ́kkí yóò foríjì mí.)

Ohun tó ń bí mi nínú ni ìyàtọ̀ tó wà nínú bí òfin ṣe ń rìn. Fún onípáànù, ilé rẹ̀ kò ní gbó kí wọ́n tó fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí i. Fún onígéètì, àjà kejì á ti parí, wọ́n á ti fa iná sí i, àwọn kan nínú ọ́fíìsì á ti buwọ́ lu ìwé, kí ẹnikẹ́ni tó rántí àbàtà. Gánà ní òfin tó dára lórí lílo ilẹ̀, Act 925 ti 2016, tó ní kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ máa ní ètò. Ẹni tí yóò dúró níwájú géètì ni kò tíì pọ̀ tó.

Ní Ashaiman gan-an, ní àyíká 2010, àwọn kan gbìyànjú láti da omi fúnra wọn. Àdúgbò náà ń jẹ́ Amui Djor. Àwọn tó ń gbé páànù níbẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ kan, Ghana Federation of the Urban Poor, tí wọ́n ń dá owó díẹ̀díẹ̀ pamọ́. Àjọ People's Dialogue ràn wọ́n lọ́wọ́, UN-Habitat dúró níwájú báǹkì fún wọn kí wọ́n lè rí ẹ̀yáwó gbà. Wọ́n wó páànù, wọ́n kọ́ ilé alájà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìdílé ló wà lókè. Nísàlẹ̀ wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń sanwó lò, kí owó tó bá ti ibẹ̀ wọlé máa dín ohun tí àwọn onílé máa san kù. Ẹni tó ń tajà níwájú páànù rẹ̀ lánàá lè máa tà á nísàlẹ̀ ilé lónìí. Ó hàn pé àwọn tó ya ilé náà ti bi àwọn tó máa gbé e léèrè bí wọ́n ṣe ń jẹun.

Ọgbọ̀n ìdílé nínú ìlú tó lé ní 200,000. Ìdí tí wọn kò fi tíì kọ́ ọgọ́rùn-ún irú rẹ̀ kò ṣòro láti rí: èlé báǹkì ní Gánà ga, ilẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn mẹ̀kúnnù. Ọwọ́ TDC ni máìlì 63 ti 1952 wà. Ní 2017, wọ́n sọ TDC di ilé iṣẹ́ tó gbọ́dọ̀ máa pa èrè wọlé, ilé tó sì ń kọ́ tà báyìí, ẹni tó ní owó oṣù tó nípọn, tàbí ẹni tó ń rán owó wálé láti òkè òkun, ló lè rà á.